Ìyá, Baba àti Ikú Ọmọ Láti Ọwọ́ Òbí nínú Ìtàn Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìyá tí ó fa ikú ọmọ rẹ̀ àti baba tí ó fa ikú ọmọ rẹ̀ nínú ìtàn Yorùbá. Ìtàn Mọrèmi, ìtàn Aláàfin Aganjú, àṣà ikú Àrẹ̀mọ ní Ọ̀yọ́, ìtàn ìbejì àti òfin tí ìjọba amúnisìn gbé wá ni a fi ṣe òdiwọ̀n. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù, ìtìjú àti àìsàn ni ó sábà máa ń wà lẹ́yìn ọwọ́ ìyá, àṣẹ àti ìbínú ni ó sì sábà máa ń wà lẹ́yìn ọwọ́ baba. Níbi tí àwọn Yorùbá ti borí irú ikú bẹ́ẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́yìn ọwọ́ ni wọ́n mú kúrò.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi í fún ẹkùn pa jẹ. Ìkìlọ̀ ni òwe yìí, àgbà kì í sì í kìlọ̀ nípa ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti mọ̀ pé ọ̀nà lè há mọ́ òbí, tàbí kí inú bí i, títí tí ọwọ́ tí ó yẹ kí ó gbé ọmọ pọ̀n yóò fi di ọwọ́ tí ó gbé e fún ẹkùn.

Ní Ọlá, ní Èjìgbò àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìgbàgbọ́ àtayébáyé túbọ̀ fi ẹsẹ̀ òwe yìí múlẹ̀. Òrìṣà Ògìyán, tí a fi ń mọ Èjìgbò, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun. Òrìṣàálá, tí í ṣe olórí wọn, ni àwọn Yorùbá gbà pé ó ń mọ ọmọ nínú ìyá rẹ̀ bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, òbí kọ́ ni ó ni ìkòkò. Ẹni tí a gbé e rù ni. Ẹni tí a gbé ẹrù rù kò sì ní àṣẹ láti fọ́ ọ.

Síbẹ̀, ìtàn kò jẹ́ kí a sọ pé òbí Yorùbá kò fa ikú ọmọ rí. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: ǹjẹ́ ọ̀nà kan náà ni ìyá àti baba ń gbà dé ibẹ̀? Bí ọ̀nà wọn kò bá rí bákan náà, kí ni ìyàtọ̀ náà lè kọ́ ẹni tí ó fẹ́ dáàbò bo ọmọ? Ìbéèrè yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Olùkọ́ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń rí ọmọbìnrin tí ó ń fi oyún pamọ́ sábẹ́ aṣọ ilé-ìwé, òun náà ni ó sì ń rí ojú egba lẹ́yìn ọmọ tí baba rẹ̀ nà ní àlùbami.

Ó yẹ kí a ṣe àlàyé kan kí a tó tẹ̀ síwájú. Púpọ̀ nínú ìtàn Ọ̀yọ́ tí a ó mẹ́nu bà ni Samuel Johnson gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà. Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n ọdún 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kì í ṣe àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́. Ohun tí ó lè fi hàn wá dájúdájú ni bí àwùjọ ṣe ń ronú nípa ìyá àti baba, ohun tí wọ́n dárí jì àti ohun tí wọ́n kábàámọ̀ rẹ̀.

Ìyá tí ó fi ọmọ san ẹ̀jẹ́

Ìyá tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ìtàn yìí ni Mọrèmi ti Ilé-Ifẹ̀. Ìtàn sọ pé àwọn ará Ugbò máa ń da aṣọ ìko bora, wọn a sì ya wọ Ifẹ̀ láti kó ènìyàn àti ẹrù lọ. Àwọn ará Ifẹ̀ rò pé iwin ni wọ́n, nítorí náà wọn kì í dúró jà. Mọrèmi lọ sí etí odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá lè mọ àṣírí àwọn ọ̀tá náà, ohun tí odò bá béèrè ni òun yóò fi fún un. Ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n, ó sì sá padà wá sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé iná ni kí wọ́n fi pàdé aṣọ ìko. Ifẹ̀ ṣẹ́gun. Nígbà tí ó gbé ẹbọ lọ sí odò, gbogbo ẹran tí ó kó lọ ni odò kọ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúorogbo, ni odò béèrè. Ó fi í sílẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Èkíní, Mọrèmi kò bínú sí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà kò sì ṣẹ̀ ẹ́. Èkejì, nǹkan tí ó lágbára jù ú lọ ni ó mú un ṣe é: ẹ̀jẹ́ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, ìlú sì ń wò ó. Ẹ̀kẹta, ìlú kò dá a lẹ́bi. Ìtàn sọ pé gbogbo Ifẹ̀ bá a sọkún, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn ni yóò jẹ́ ọmọ fún un títí láé. Títí di òní ni a ń fi ọdún Ẹdì rántí rẹ̀. Nínú ìtàn tí Johnson gbà sílẹ̀, ọmọ náà kò tilẹ̀ kú tán. Ó jí, ó sì gba ojú okùn lọ sí ọ̀run. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó ń sọ ìtàn náà kò lè fara da ìkú ọmọ yẹn, wọ́n sì wá ọ̀nà láti dá ẹ̀mí rẹ̀ padà.

Kì í ṣe pé Mọrèmi jẹ́ àpẹẹrẹ fún ìyá kankan láti tẹ̀ lé. Ohun tí ìtàn rẹ̀ fi hàn ni pé nígbà tí àwùjọ bá ronú nípa ìyá tí ó pàdánù ọmọ láti ọwọ́ ara rẹ̀, wọ́n máa ń wá ohun tí ó tì í débẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìyá kì í dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dáwọ́ lé.

Baba tí ó fi ọmọ ṣe ìdájọ́

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan baba, ohùn ìtàn yí padà. Aláàfin Aganjú ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Johnson kọ ọ́ pé ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, Aganjú fẹ́ Ìyáyun, ọmọ Onísàmbò, láti fi ṣe aya. Baba ọmọbìnrin náà kọ̀. Aganjú gbé ogun dìde, ó kó ìlú, ó mú àwọn ọba aládé, ó sì fi tipátipá mú Ìyáyun wá sí Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn èyí ni a wá ká ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo mọ́ pẹ̀lú Ìyáyun kan náà. Ọba bínú kọjá ààlà. Ó dá ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́ ikú, wọ́n sì mú ìdájọ́ náà ṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn Mọrèmi. Ọmọ Aganjú ti dàgbà. Kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ẹ̀sùn wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sí ìkọ̀kọ̀ nínú ikú rẹ̀, nítorí lójú gbogbo ayé ni baba ti lo àṣẹ tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé Aláàfin ṣẹ̀ sí òfin, nítorí òun gan-an ni òfin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn kò sì sọ pé ìlú bá a sọkún. Ohun tí Johnson sọ ni pé ìbànújẹ́ ni ó pa ọba náà láìpẹ́ sí ìgbà yẹn, kò sì ní àrólé. Oyún tí ó wà nínú Ìyáyun ni a wá gbé ojú lé. Obìnrin yìí bí ọmọ ọkùnrin, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó lórí ìtẹ́ bí adelé títí ọmọ náà fi dàgbà tó láti jọba. Aganjú fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ilé rẹ̀ run díẹ̀ ni ó kù. Obìnrin tí ó fi ipá mú wọlé ni ó gba ilé náà là.

Nítorí náà, ìtàn dá àwọn méjèèjì mọ̀ yàtọ̀. Ìyá pàdánù ọmọ nítorí pé kò ní agbára tó. Baba pa ọmọ nítorí pé agbára rẹ̀ pọ̀ jù, kò sì sí ẹni tí ó lè dì í lọ́wọ́ mú.

Àrẹ̀mọ tí ó ń bá baba kú

Kì í ṣe ìbínú baba kan ṣoṣo ni ó ń pa ọmọ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ipò baba fúnra rẹ̀ ń pa ọmọ. Ó pẹ́ tí ó ti jẹ́ àṣà pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, gbọ́dọ̀ bá a kú. Ìdí tí a fún un ni pé Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ lo agbára, ó sì jẹ nínú ọlá rẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí ó bá a lọ. Ìdí mìíràn tí ó hàn gbangba ni pé àwọn ìjòyè kò fẹ́ kí ọmọ tí ó ti mọ adùn àṣẹ tún jókòó lé wọn lórí. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun kan náà ni ó já sí: adé tí baba dé ni ikú ọmọ.

Ẹni tí ó fòpin sí àṣà yìí jẹ́ baba. Aláàfin Àtìbà, tí ó tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, kò fẹ́ kí Adélù ọmọ rẹ̀ bá òun kú. Ó bá àwọn ìjòyè Ìbàdàn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé kí Adélù jọba lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù gorí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, fàáké kọ́rí. Ó ní àṣà àwọn baba ńlá kò gbọdọ̀ yẹ̀, Adélù kì í sì í ṣe ọba lójú òun. Èyí wà lára ohun tí ó dá ogun Ìjàyè sílẹ̀ ní 1860.

Ìtàn máa ń fi ìjìnlẹ̀ ẹ̀kọ́ pamọ́ sínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Kúrunmí tí ó jà fún àṣà tí ó ní kí ọmọ bá baba kú, ọmọkùnrin márùn-ún ni ogun náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1861, Ìjàyè sì tú ní 1862. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Kúrunmí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ràn jù ú lọ ni ipò àti àṣẹ baba, ẹni tí ó bá sì gbé àṣẹ baba ga ju ẹ̀mí ọmọ lọ ti gbé ọmọ fún ẹkùn kí ó tó mọ̀.

Ìbejì: bí àwùjọ ṣe mú ẹrù kúrò lórí ìyá

Bí Àtìbà ṣe dín agbára ipò baba kù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Yorùbá mú ìbẹ̀rù kúrò lórí ìyá ní ọ̀nà mìíràn, èyí tí ìtàn ìbejì jẹ́rìí sí. Ní ayé àtijọ́, ìbejì jẹ́ ohun abàmì ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, a sì máa ń pa wọ́n. Kì í ṣe ìyá ni ó dá àṣà náà sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ ìlú ni. Ṣùgbọ́n inú ìyá ni ó ti jáde, ojú ìtìjú ni a sì fi ń wo obìnrin tí ó bí ju ọmọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

T. J. H. Chappel, nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1974, fi yé wa pé bíbọ ìbejì kì í ṣe àṣà láéláé, àti pé ní ìhà Ọ̀yọ́ ni ó ti gbilẹ̀ kí ó tó tàn ká ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí pípa wọ́n ti pẹ́ díẹ̀ sí i. Nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John kọjá ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1830, wọ́n rí àwọn obìnrin tí ó gbé ère igi kékeré káàkiri ní ìrántí ọmọ tí ó kú. Èyí fi hàn pé ṣáájú kí ìjọba Òyìnbó tó dé ni ìyípadà náà ti wáyé. Àwọn Yorùbá ni ó yí ọkàn ara wọn padà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yí i padà ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìtàn kò sọ fún wa pé wọ́n gbé òfin kalẹ̀ pé kí a fi ìyà jẹ ìyá. Wọ́n sọ ohun ìtìjú di ohun ọlá. Táyéwò àti Kẹ́hìndé di ọmọ tí ń sọ aláàkísà di aláṣọ. Ìyá wọn a pọ̀n wọ́n, a jó wọ ọjà, gbogbo ènìyàn a sì fún un ní owó àti oúnjẹ. Bí ọ̀kan bá kú, a gbẹ́ ère sí ipò rẹ̀, ìyá a sì máa wẹ̀ ẹ́, a máa fún un ní oúnjẹ bí ẹni pé ó wà láàyè. Ẹrù ọmọ méjì tí ó wúwo jù fún ìyá kan di ẹrù tí ọjà lápapọ̀ bá a gbé. Lónìí, ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí ìbejì pọ̀ sí jù lọ ní àgbáyé. Ìwádìí tí Nylander ṣe ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé ìbejì tó nǹkan bí 45 nínú ìbímọ 1000. Bí àṣà àtijọ́ bá ń bá a lọ, mélòó nínú àwọn tí ó ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan ní ilẹ̀ yìí ni ìbá wà láàyè?

Ó yẹ kí a fi èyí wé ti Calabar, níbi tí Mary Slessor dé ní 1876. Níbẹ̀, wọ́n ń pa ìbejì, wọ́n sì ń lé ìyá wọn kúrò ní ìlú. Slessor gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà là títí ó fi kú ní 1915. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n àlejò ni ó kọ́kọ́ jà á. Ti Ọ̀yọ́ jáde láti inú ilé.

Òfin àti àbísínwín

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n gbé ìtàn tiwọn náà wá pẹ̀lú òfin wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1624 ka ìyá tí kò ní ọkọ, tí ó fi ikú ọmọ rẹ̀ pamọ́, sí apànìyàn, àyàfi bí ó bá rí ẹlẹ́rìí tí yóò sọ pé òkú ni a bí ọmọ náà. Òfin yìí kò dárúkọ baba ọmọ. A pa á rẹ́ ní 1803. Ní 1922 ni wọ́n tó ṣe òfin tí ó gbà pé ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lè wà ní ipò tí iyè rẹ̀ kò pé, wọ́n sì tún un ṣe ní 1938 kí ó lè kan ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12.

Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ṣe fún Àríwá Nàìjíríà ní 1904, tí a sì sọ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1916, ni èrò yìí wọ̀ nígbà tí ó yá, gẹ́gẹ́ bí abala 327A. Abala yìí sọ pé bí ìyá bá fa ikú ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé oṣù 12, nígbà tí iyè rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò nítorí ìbímọ tàbí nítorí ọmú tí ó ń fún ọmọ, kì í ṣe ẹjọ́ apànìyàn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú ni a ó bá a ṣe. Bí ẹni tí ó ṣèèṣì pànìyàn ni a ó ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ìyá nìkan ni abala náà dárúkọ. Baba tí iyè rẹ̀ ti ṣí lè rí ààbò lábẹ́ abala 28 bí ẹnikẹ́ni mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí abala tí a yà sọ́tọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí baba. Abala tí ó sún mọ́ ọ jù ni 295, tí ó fún òbí láyè láti bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 wí, ṣùgbọ́n tí ó pa á láṣẹ pé ìbáwí náà kò gbọdọ̀ di ọgbẹ́ tàbí ìpalára ńlá. Bí a bá wò ó dáadáa, àìsàn ni òfin rò nígbà tí ó ń ronú nípa ìyá. Pàṣán ni ó rò nígbà tí ó ń ronú nípa agbára inú ilé.

Ohun tí òfin Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ ní 1922 kò ṣàjèjì sí èdè Yorùbá. Àbísínwín ni àwọn àgbà ń pe irú àìsàn yìí: obìnrin bímọ tán, iyè rẹ̀ ṣí. Èdè kì í sọ nǹkan lórúkọ bí kò bá tíì rí i. Nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n ni wọn kì í fi í fi ìyá ọmọ tuntun sílẹ̀ ní òun nìkan. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ a wá máa wẹ ọmọ, a máa fi omi gbígbóná jó ìyá, a máa se ọbẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ keje fún obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án fún ọkùnrin àti ọjọ́ kẹjọ fún ìbejì, gbogbo ìdílé a péjọ láti sọ ọmọ lórúkọ. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ ti di ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òwe tí ó ní ẹnìkan ní ń bí ọmọ, igba ènìyàn ní ń wò ó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Odi ni ó jẹ́ yí ọmọ náà ká, àti yí ìyá rẹ̀ ká pẹ̀lú.

Èdè kan náà kò ní orúkọ fún ohun tí ń ṣe baba tí ó lu ọmọ pa. Wọn a ní inú bí i. Wọn a ní ọwọ́ rẹ̀ le. Wọn a tún ní ọmọ náà ni ó fà á. Bí ọmọ bá dára, ti baba ni. Bí kò bá dára, ti ìyá ni. Òwe yìí fi hàn pé àwùjọ ti pín ẹ̀bi kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ìwádìí òde òní fi hàn

Àwọn onímọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ ti wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní ní ìlú òkèèrè, ohun tí wọ́n rí sì bá ìtàn tí a ti ń sọ bọ̀ mu. Phillip Resnick, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà, kó ọ̀ràn 131 jọ ní 1969, láti inú àkọsílẹ̀ tí ó ti 1751 títí dé 1967. Ìyá ni 88 nínú wọn, baba sì ni 43. Ó pín ohun tí ó fà á sí márùn-ún: òbí tí ó rò pé àánú ni òun ń ṣe fún ọmọ, òbí tí iyè rẹ̀ ti ṣí pátápátá, òbí tí kò fẹ́ ọmọ náà, òbí tí ìbáwí tàbí ìyà tí ó fi jẹ ọmọ yọrí sí ikú láìròtẹ́lẹ̀, àti òbí tí ó fi ọmọ gbẹ̀san lára ẹnì kejì rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ya ọmọ tí a pa ní ọjọ́ tí a bí i sọ́tọ̀, ó sì hàn pé ìyá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò ní ọkọ, tí ó fi oyún pamọ́.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń dàgbà, ọwọ́ baba a máa pọ̀ sí i. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2014, tí ó wo àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà láti 1976 títí dé 2007, fi hàn pé nǹkan bí 57 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òbí tí a mú fún ẹ̀sùn yìí ni ó jẹ́ baba. Nítorí náà, kì í ṣe òtítọ́ pé ọ̀ràn ìyá ni èyí. Ìyàtọ̀ wà nínú ìgbà àti ìdí: ìyá ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé ọmọ, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ìbẹ̀rù tàbí àìsàn, baba lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ipá, nígbà ìbáwí, nígbà ìjà láàárín tọkọtaya tàbí nígbà tí aya bá fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan wà tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kì í sábà gbé jáde. Oyún kì í dá wá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọmọdébìnrin tí a bá ọmọ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ ní òkú, ọkùnrin kan wà tí ó kọ oyún. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Nígbà tí baba ọmọ bá kọ oyún, tí baba ọmọbìnrin sì búra pé òun yóò lé e jáde nílé, ọmọ tí a kò tíì bí ni wọ́n fi ẹ̀sín náà lé lórí. Abala 329 lè fi ìyá sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì nítorí pé ó fi òkú ọmọ pamọ́. Kíkọ oyún kò sí lára ẹ̀sùn tí a lè kà sí ọkùnrin náà lọ́rùn. Ọwọ́ kan ni adájọ́ ń rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀.

Ohun tí ó kan olùkọ́ ní àgbègbè wa

Kì í ṣe ìlú ńlá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò àti àgbègbè rẹ̀ ti ń rìnrìn-àjò lọ sí Côte d'Ivoire láti ṣòwò. Ìrìn-àjò náà mú ọrọ̀ wá, ó sì kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó bímọ ní ẹ̀yìn odi lè má ní ìyá ọkọ tí yóò wá wẹ ọmọ fún un, ọmọ tí a sì fi sílẹ̀ nílé lè má ní ìyá tí yóò di ọwọ́ mú nígbà tí ìbínú bá dé. Odi tí àwọn baba ńlá mọ yí ọmọ ká ti ní ihò. Olùkọ́ wà lára àwọn tí ó lè dí i.

Lọ́nà kìíní, kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ ẹ̀yà ara ìtìjú. Abala 15 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé ọmọbìnrin tí ó lóyún kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àǹfààní láti padà sí ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí ó bá bímọ. Olùkọ́ tí ó sọ èyí fún ọmọbìnrin kan, tí ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ jókòó, lè ti gba ẹ̀mí méjì là láìmọ̀. Ohun tí Ọ̀yọ́ ṣe fún ìyá ìbejì ni: ó sọ ẹrù ìkọ̀kọ̀ di ẹrù gbogbo ènìyàn.

Lọ́nà kejì, kí olùkọ́ má ṣe ka àbísínwín sí iṣẹ́ ajẹ́ tàbí ìwà burúkú. Láti 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti fi hàn ní Arọ̀, Abẹ́òkúta, pé a lè tọ́jú aláìsàn ọpọlọ láàárín ẹbí rẹ̀. Ìyá ọmọ tuntun tí kò sùn, tí kò jẹun, tí ó ń gbọ́ ohùn tàbí tí ó ń sọ pé ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ òun, ilé ìwòsàn ni kí a tètè gbé e lọ, kí a má sì fi òun àti ọmọ sílẹ̀ ní àwọn nìkan.

Lọ́nà kẹta, kí olùkọ́ má ṣe bá baba tí ó ń na ọmọ ní ìnàkunà fi ọwọ́ bò ó. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Níbi tí ọwọ́ òsì kò bá ti sí, ìbáwí ti kú, ìjìyà ni ó kù. Ojú egba tí ó ń padà wá lẹ́yìn ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn àgbà ìdílé àti òṣìṣẹ́ àwùjọ gbọ́. Kí a bọ̀wọ̀ fún baálé ilé kò ní kí a fún un ní àṣẹ Aganjú.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìtàn Yorùbá kò wo ìyá àti baba tí ó fa ikú ọmọ pẹ̀lú ojú kan náà. Mọrèmi sunkún, ìlú sì bá a sunkún. Aganjú ṣèdájọ́, ó sì dá kú pẹ̀lú ìbànújẹ́ rẹ̀. Òfin òde òní tẹ̀ lé ipa kan náà, ó fún ìyá ní àánú nítorí àìsàn, ó sì fún agbára inú ilé ní ààlà. Ìwádìí sì fi kún un pé àwọn méjèèjì ni ọ̀ràn náà kàn, ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti fún ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó ga jù lọ wà ní ibi méjì tí àwọn Yorùbá ti ṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ìbejì wà láàyè, wọ́n gbé ìtìjú kúrò lórí ìyá. Nígbà tí Àtìbà fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wà láàyè, ó gé lára ohun tí ipò baba ń béèrè. Níbi méjèèjì, kò sí ẹni tí ó dúró di ìgbà tí ọmọ ti kú kí ó tó wá ẹni tí yóò jẹ̀bi. Bí ẹkùn bá wà nítòsí ilé, ohun tí ó kọ́kọ́ kan ará ilé ni láti mọ ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé, kí wọ́n sì dí i. Ọ̀nà ìyá yàtọ̀, ọ̀nà baba yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kan náà ni ó sùn sínú yàrá.